Ká Pín In, àbí Ká Pààrọ̀ Ìkòkò Rẹ̀?

Àbúrò ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò fi ilé sílẹ̀ rí. Ọ́kíìdì ńlá kan wà níwájú wọn lẹ́yìnkùlé, ó ti fọ́ ìkòkò amọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n gbé e sílẹ̀ ṣe kí ni? Ìwọ náà wò ó. Gbòǹgbò ti fọ́ ìkòkò, àárín ti pá, etí nìkan ló ń yọ òdòdó. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣùpọ̀ báyìí, ṣebí a máa ń wú ọmọ ìdí rẹ̀ lọ gbìn síbòmíràn ni. Mo sì ti ṣèlérí fún ìyá ojúlé kejì, fún ìyàwó pásítọ̀, àti fún ọmọ mi tó wà l'Ábẹ́òkúta.

ÀBÚRÒ: Tẹ́ ẹ bá gé e wẹ́wẹ́ lónìí, gbogbo yín lẹ máa fi ọdún púpọ̀ retí òdòdó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yára, eléyìí kì í yára. Inú àwọn ọ̀pá àtijọ́ yẹn ló kó oúnjẹ pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ọ̀pá tuntun ti ń jẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn tí kò ní ewé mọ́ yẹn? Wọ́n ti kú.

ÀBÚRÒ: Ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó le.

ÀBÚRÒ: Èyí tó bá le kò tíì kú. Ewé ló rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Èyí tó bá fúyẹ́, tó hunjọ, tó ti ṣófo nínú, òun ló ti lọ. Ẹ tẹ gbogbo wọn wò.

Ẹ̀GBỌ́N: (ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan) Èyí le. Èyí náà le. Àwọn mẹ́ta tó wà lápá ògiri yìí ló ṣófo. Kí ló wá dé tí àárín kò fi yọ òdòdó?

ÀBÚRÒ: Iwájú ló máa ń rìn sí. Ìdí ọ̀pá tó dé kẹ́yìn ni ọ̀pá tuntun ti ń hù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kúrò láàárín bọ̀ sí etí. Cymbidium tí mo gbìn ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìbátan eléyìí ni. Àwọn tó kọ́ mi níbẹ̀ kì í gé e torí pé ó tóbi. Igi tó bá tóbi tó sì kún fún òdòdó, ẹgbẹ́ àwọn ológbà tó ń jẹ́ Royal Horticultural Society máa ń fún ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ní ìwé ìyìn. Tí wọ́n bá sì máa gé e rárá, ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń fi pa pọ̀, èéhù tó yè sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí o ò gbé tìrẹ bọ̀ nílé?

ÀBÚRÒ: Gbogbo ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn lórí òwò ewéko àti ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, láti 1975 ni àdéhùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó kọjá ibodè, ó nílò ìwé àṣẹ, ó tún nílò ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Mo fi í sílẹ̀ fún aládùúgbò mi. Tiyín yìí náà, Ansellia africana, wà lábẹ́ àdéhùn yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kò wú u nínú igbó o. Wọ́n gé igi ẹ̀bá títì, ó bá ẹ̀ka já bọ́, mo sì gbé e wálé kí oòrùn tó pa á.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e. John Ansell, ológbà kan láti Ìlú Ọba tó bá àwọn arìnrìn-àjò Odò Ọya wá ní 1841, ló rí irú rẹ̀ ní Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko báyìí. Orúkọ rẹ̀ ni Lindley, onímọ̀ nípa ewéko, fi sọ ọ́ ní 1844.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti wà lórí igi kí Ansell tó dé. Orí igi yẹn ni mo fẹ́ ká wò. Ṣé o rí àwọn gbòǹgbò funfun tó nà sókè ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́ yìí? Àwọn ló ń gba ewé gbígbẹ tó bá já bọ́ látòkè, ibi tí ewé ń jẹrà sí ló ti ń jẹun. Kì í ṣe àfòmọ́ tó ń fa omi ara igi. Ó kàn jókòó ni. Kò sì sẹ́ni tó ń pín in níbẹ̀. Ó dáa, mo gbà, a ò ní pín in wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ ti ìka bọ àárín rẹ̀. Báwo ló rí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ó tún ń rùn.

ÀBÚRÒ: Èèpo àgbọn tẹ́ ẹ kó sí i ti jẹrà, afẹ́fẹ́ kò rí gbòǹgbò mọ́, wọ́n á máa rà. Ìyẹn ni kò gbọ́dọ̀ dúró. Ká tú u síta lónìí, ká fọ gbòǹgbò rẹ̀, ká gé àwọn tó ti rọ̀, ká wá fi èèpo igi páìnì gbìn ín.

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá o. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán, o fẹ́ máa gé gbòǹgbò! Ojú ibi tí o bá gé máa gbẹ kó tó hu òmíràn. Níbo la sì ti fẹ́ rí páìnì? Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tó bá ń mu omi bí èèpo igi máa rà nínú ìkòkò. Èédú ńlá àti àpáàdì kì í rà.

ÀBÚRÒ: Èédú àti àpáàdì dáa, lóòótọ́. Nípa àkókò, nígbà ìrúwé là ń ṣe é lọ́hùn-ún, tí gbòǹgbò tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí ní ìdí ọ̀pá tuntun.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbí, òjò àkọ́kọ́ ló ń pè é jáde. Gbọ́ bí a ṣe máa ṣe é. Lónìí, a óò ká àfọ́kù ìkòkò kúrò, a óò gbọn pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ yẹn dànù, a óò gbé e lódidi sínú apẹ̀rẹ̀ onígi tó ní àlàfo, èédú àti àpáàdì yí i ká. A ò ní gé nǹkan kan. Gbòǹgbò tó nà sókè, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ibòòji ló máa wà. Tí òjò bá dé, tí o bá rí ṣóńṣó gbòǹgbò tútù, nígbà yẹn ni ká sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

ÀBÚRÒ: Apá ògiri nìkan ni ká gé nígbà náà. Àwọn mẹ́ta tó kú yẹn ti pààlà síbẹ̀ fúnra wọn, ọ̀pá mẹ́rin tó yè sì wà ní òdìkejì. Kẹ́ ẹ sì yan ọ̀bẹ nínú iná kẹ́ ẹ tó lò ó, torí ẹnu ọ̀bẹ ni àrùn ti ń ràn láti igi kan sí èkejì. Ẹ fi lúbúlúbú èédú pa ojú ibi tẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ má bu omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹyọ kan péré, èèyàn mẹ́ta.

ÀBÚRÒ: Ta lẹ máa fún?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá ojúlé kejì. Igi máńgòrò wà lágbàlá rẹ̀, a lè so ó mọ́ ọn. Màá sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tí apá mìíràn bá tún pààlà. Ìwọ, dìde, lọ bá mi ra apẹ̀rẹ̀ wá kí ọjà tó tú.