Ta ló ń sọ tíkẹ́ẹ̀tì béèsìbọ́ọ̀lù di ọ̀wọ́n?

Nígbà tí Juan Soto tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ New York Mets ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 765 dọ́là fún ọdún 15. Béèsìbọ́ọ̀lù kò rí irú rẹ̀ rí. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní New Jersey fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, àpò tèmi ni wọn yóò ti yọ owó yìí.” Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wí. Bí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjèèjì bá fẹ́ lọ wo eré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ẹnu ọ̀nà, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó ìpanu a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé wọn.

Èrò yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré náà ní Amẹ́ríkà ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni ẹgbẹ́ kì í sì í ta kò wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá wọn lára mu: bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n, ojúkòkòrò eléré ni, kì í ṣe tiwọn. Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn, n kò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lójú tèmi, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dorí kodò ni.

Àpẹẹrẹ alákàrà ló ń tàn wá jẹ. Bí ẹ̀wà bá gbówó lórí, àkàrà yóò kéré tàbí kí ó wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò bá ìyá alákàrà jà, nítorí kò sí àkàrà tí kò jẹ nínú ẹ̀wà. Bó bá dín igba, ẹ̀wà igba ló lò. Owó eléré kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí Soto ti tọwọ́ bọ̀wé ni gbèsè rẹ̀ ti wà lọ́rùn Mets. Bí ènìyàn 40,000 bá kún pápá ìṣeré Citi Field lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iye kan náà ni wọn yóò san fún un. Bó sì jẹ́ 4,000 péré ló wá, kọ́bọ̀ kò ní yọ níbẹ̀. Ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kò rà lálẹ́ ọjọ́ náà ti ṣòfò, kò ṣeé kó pamọ́ di ọ̀la. Nítorí náà, ẹni tó ń fi owó lé tíkẹ́ẹ̀tì kì í bi ara rẹ̀ pé èló ni mo ń san fún Soto. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé èló ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí lè san kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà. Ohun tí yóò bèèrè nìyẹn bí Soto bá ń gba mílíọ̀nù 51 lọ́dún. Ohun náà ni yóò bèèrè bó bá ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Láti ọdún 2010 ni San Francisco Giants ti ń yí owó gbogbo ìjókòó wọn padà gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe rí: ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá bá wọn gbá, ojú ọjọ́, ọjọ́ tí eré bọ́ sí. Owó oṣù eléré kì í yí padà nítorí pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ẹ tún wo oṣù Kẹwàá. Eré 162 ti sáà gbogbo ni owó ọdún eléré wà fún. Nígbà tí ìdíje ìkẹyìn bá bẹ̀rẹ̀, owó náà ti parí. Ìpín kan nínú owó ẹnu ọ̀nà àwọn eré kan ni àwọn eléré ń pín mọ́ra wọn. Bó bá jẹ́ pé owó oṣù ló ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì sókè, oṣù Kẹwàá ni ìbá dínwó jù lọ. Ẹni tó gbìyànjú láti wo World Series ọdún 2024, nígbà tí Dodgers pàdé Yankees, mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Yankees kan náà ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn sáà ọdún 2008, wọ́n náwó bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ: mílíọ̀nù 161 dọ́là fún CC Sabathia, 180 fún Mark Teixeira, 82.5 fún A.J. Burnett. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá tuntun wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, àwọn ìjókòó kan wà níwájú tó jẹ́ 2,500 dọ́là fún eré kan. Ẹni tó bá fẹ́ dá eléré lẹ́bi ti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjókòó náà ṣófo, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi òfìfo náà han gbogbo ayé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gé owó àwọn kan nínú wọn sí 1,250. Owó Sabathia ńkọ́? Kò dín ní kọ́bọ̀.

Oakland ló dùn mí jù. Ẹgbẹ́ Athletics gba World Series lẹ́ẹ̀mẹ́rin nígbà tí wọ́n wà ní ìlú náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra, wọ́n fi Chris Bassitt fún Mets, Matt Olson fún Atlanta, Matt Chapman fún Toronto, owó oṣù ẹgbẹ́ náà sì já wálẹ̀ gan-an. Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì bá a wálẹ̀? Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo sáà rí i pé tiwọn gòkè ni. Ènìyàn tó wọ pápá náà ní gbogbo ọdún yẹn kò tó 800,000. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà dìídì tú jáde, wọ́n lé ní 27,000, wọ́n ń kígbe sí John Fisher tó ni ín pé kí ó tà á. Kò tà á. Lẹ́yìn sáà 2024 ó kó wọn lọ sí Sacramento, Las Vegas ni wọ́n sì ń lọ. Owó oṣù kéré, tíkẹ́ẹ̀tì gòkè, ẹgbẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ìlú. Eléré wo ni a fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀?

Mo ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dùn lẹ́nu ọ̀gá. Ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, iye tí wọ́n ń ta ìwé náà gòkè lẹ́ẹ̀méjì láàárín ọdún kan, àlàyé tí wọ́n sì ṣe fún àwọn tó ń bá wa tà á ni pé owó òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n jẹ àwa òṣìṣẹ́ ọ̀hún nígbà náà. Bébà ló wọ́n, òótọ́ sì nìyẹn, nítorí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ bébà bí àkàrà ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti nàka sí ènìyàn ju kí a nàka sí bébà lọ. Bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gba sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé, “Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó yín, ká lè rí ìwé tà.” N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní béèsìbọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1967, owó tó kéré jù lọ fún eléré ní líìgì ńlá jẹ́ 6,000 dọ́là lọ́dún, ẹgbẹ́ tó sì ni eléré lè dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi kúrò nídìí eré. Curt Flood kọ̀ láti lọ sí Philadelphia nígbà tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ní 1969. Ó gbé wọn lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ó sì pàdánù ní 1972. Oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni onílàjà Peter Seitz tó tú okùn náà nínú ẹjọ́ Andy Messersmith àti Dave McNally. Ní gbogbo ọdún tí okùn náà fi wà, ta ló jẹ èrè rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó wà lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn. Shohei Ohtani dé Los Angeles, ìfẹ́ láti rí i sì gbé owó ìjókòó sókè. Àmọ́ ẹ kíyè sí àdéhùn rẹ̀: mílíọ̀nù 700 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, tí 680 nínú rẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá náà. Mílíọ̀nù méjì péré ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún báyìí, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin sì wọ pápá Dodgers ní 2025. Nítorí pé àwọn ènìyàn ṣe tán láti sanwó wò ó ni Dodgers fi lè ṣèlérí iye yẹn fún un. Owó olólùfẹ́ ló ṣáájú, owó eléré ló tẹ̀ lé e.

Àdéhùn tó wà láàárín àwọn oní-ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ eléré yóò dópin ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 2026, àwọn kan nínú àwọn oní-ẹgbẹ́ sì ń fẹ́ kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí owó oṣù. NFL ti ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti 1994, tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì wọ́n ju ti béèsìbọ́ọ̀lù lọ fíìfíì, nítorí eré mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kan ń gbà nílé ní sáà kan, béèsìbọ́ọ̀lù sì ní 81. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ lórí tábìlì yẹn pé nítorí àwọn bí àbúrò mi ni òun ṣe fẹ́ dín owó eléré kù, kí ó kọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò fi wálẹ̀ sínú ìwé àdéhùn náà, kí ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.