Ọjọ́ Tí Wọ́n Pè Mí Ní Ọ̀kadà

Láti ìgbà tí mo ti ń fi owó tíṣà pamọ́ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun kò yẹ kí ó tún máa lá àlá ọmọdé, tí èmi náà sì ń dá a lóhùn pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, kò sí ọjọ́ kan tí ó wá sí mi lọ́kàn pé ọjọ́ tí máṣìnì náà bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ gan-an ni ìyá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí yóò na ọwọ́ sí mi ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí yóò sì fi ohùn rara pè mí ní “Ọ̀kadà!”

Bajaj Boxer ni mo rà, pupa fòò, ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ Íńdíà ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni orúkọ náà wà, láti 1945 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Inú páálí ni wọ́n ń kó wọn wá sí orílẹ̀-èdè wa ní títú palẹ̀, ibí ni wọ́n sì ti ń tò wọ́n pọ̀, bí ẹni pé ènìyàn ra ẹran wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ alápatà, tí ó délé tí ó sì tún un so pọ̀ di òbúkọ tí ń ké. Ọmọkùnrin tí ó to tèmi fi àkísà nu ọwọ́, ó fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irin náà sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ó kìlọ̀ fún mi: “Bàbá, ẹ má tíì fún un níná o. Kí ó tó jẹ 500 kìlómítà, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 50. Ẹ́ńjìnnì tuntun, ọmọ tuntun ni. Àwọn irin inú rẹ̀ kò tíì mọ ara wọn. Bí ó bá pé, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù, ẹ ó rí i tí èépá irin yóò máa dán yanranyanran nínú rẹ̀.” Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo sì tún fi ẹ̀jẹ́ tèmi lé e: náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀, n kò ní yọ ọ́ kí oṣù kan tó pé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ayétẹ̀, ní nǹkan bí 1975, Honda wolé-wolé ni a mọ̀. Kí ó tó yọ ni a ti ń gbọ́ ọ, pù-pù-pù-pù, láti ọ̀nà Ìdèrè wá, bí àwọn ìyá wa bá sì ti gbọ́ ìró rẹ̀, kíá ni wọn yóò ti da omi gbogbo ìkòkò tí tanwíji bá wà nínú rẹ̀ nù, tí wọn yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú àánú bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú Honda kékeré bẹ́ẹ̀ ní 1958, nígbà tí ó sì fi di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ojú tèmi nígbà náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà láyé, wolé-wolé ni ó sì ni ín. Etí ni àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù. Ẹ wò ó bí orúkọ náà ti bá a mu tó! Ẹṣin tí kì í jẹ koríko, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí í ya ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ lójú ọ̀nà, akéde ara rẹ̀ kí ó tó dé. N óò sọ̀rọ̀ orúkọ láìpẹ́.

Láti Ìbàdàn, mo gba Ìdó, mo gba Èrúwà, mo sì dé Igbó-Ọrà ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ewu. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ wí nípa ọ̀nà ni pé ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kò tíì rí ọ̀nà rí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ibẹ̀ lọ, láàrin àpò gàrí àti adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, tí mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Kòtò tí ọkọ̀ ńlá ń fi ikùn fò kọjá, ìdí ẹni tí ó gun máṣìnì ni yóò ka iye rẹ̀. Ìbá dára bí a bá lè fi ìdí àwọn tí ó ń ṣe ọ̀nà ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, mo jẹ àmàlà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ilasà, ọbẹ̀ tí wọ́n ní òun ni ó ń mú kí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa bí ìbejì. Èmi ti kọjá ọjọ́ orí ìbejì. Mo gba abọ́ kejì.

Ìgbà tí mo jáde ní ìlú, tí mo kọjú sí Ìdèrè, ni mo rí Màmá. Ó dúró ti báàfù kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó di ìró mọ́ra dáadáa, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

“Ọ̀kadà! Ọ̀kadà! Dúró ńbẹ̀! Èló ni Ayétẹ̀?”

Mo wo ẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ni ó ń pè. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo dúró, mo ṣí ojú akoto mi, mo sì fi gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ tí mo ní dáhùn pé, “Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. N kì í ṣe ọ̀kadà o.”

“Ta ni ó bi ọ́ ní ìyẹn? Èló ni Ayétẹ̀ ni mo bi ọ́. 700 náírà ni mo máa san. Bí ó bá wù ọ́, gbé mi; bí kò bá wù ọ́, máa lọ. Kí sì ni ìwọ gbé dérí bí ìkòkò yìí?”

Bí ó ti dárúkọ ìkòkò, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo rántí oṣù January 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí ó bá gun alùpùpù láìdé akoto, tí àwọn ọ̀dọ́ kan sì fi ọgbọ́n orí dé igbá, tí àwọn mìíràn dé ìkòkò ìdáná gan-an, wọ́n sì ń gùn ún lọ láàrin ìgboro. Kí n tó rí èsì fọ̀, Màmá ti gbé báàfù rẹ̀ ka orí táńkì mi. Táńkì tí mo ti ń wo ojú ara mi nínú rẹ̀ láti Ìbàdàn! Mo gbọ́ tí irin fi eyín họ irin. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó jókòó ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ̀ tẹ̀rẹ́ bí ẹja.

“Kí ni ohun tí ó ń yọ̀ yìí?”

“Náílọ́ọ̀nù ni, Màmá. Tuntun ni máṣìnì náà.”

“Ṣé ó fẹ́ já mi lulẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ tuntun ni?” Ó fi ìka bọ abẹ́ náílọ́ọ̀nù náà, ó sì fà á ya láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀jẹ́ oṣù kan parí ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbéra. Nítorí ìkìlọ̀ ọmọ atòmáṣìnì yẹn, n kò kọjá 40. Àwọn ọmọ tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta-mẹ́ta ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n sì ń kọjá. Màmá dákẹ́ títí, ó ní, “Ọ̀kadà, ṣé ara máṣìnì yìí kò yá ni?” Inú mi kò dùn, kí n má parọ́. Kì í ṣe nítorí táńkì, kì í ṣe nítorí náílọ́ọ̀nù. Orúkọ náà ni ó ń ta mí lára bí ẹ̀gún. Mo ń wí nínú ara mi pé èmi tí mo ti kọ́ ọmọ Ayétẹ̀ ní ìwé láti ọdún gbọọrọ, tí ọmọ mi kan wà ní yunifásítì, ṣé èmi ni ẹnì kan ń pè ní Ọ̀kadà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ yìí dáadáa. Ọ̀kadà, ìlú kan ni ní ilẹ̀ Ẹdó. Olóyè Gabriel Igbinedion, ọmọ bíbí ìlú náà, ni ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó dá sílẹ̀ ní 1983. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i bí alùpùpù ti ń fò kọjá láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní ìgboro, wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ pè é ní Ọ̀kadà. Ọkọ̀ òfurufú náà ti kúrò ní sánmà tipẹ́tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ni ó kù sí ilẹ̀. Ìlú di ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ òfurufú di máṣìnì, máṣìnì di ènìyàn. A kì í pe káfíńtà ní pákó, a kì í pe alágbẹ̀dẹ ní ọmọ-owú. Ẹni tí ó ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀ nìkan ni a fi orúkọ ohun èlò rẹ̀ pè, a kò sì fi “ẹ” sí i. Gbogbo wa ni a sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ọ̀kadà, ìjánu ta ni? Lórí máṣìnì náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọkùnrin tí mo ti dúró ní ẹnu géètì ilé-ìwé pàtẹ́wọ́ sí, “Ọ̀kadà! Dúró!”, tí ẹlòmíràn nínú wọn dàgbà jù mí lọ, tí ọmọ ẹlòmíràn sì jókòó níwájú mi ní kíláàsì, tí n kò sì béèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo rí. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi kò tilẹ̀ tíì gùn ún di alẹ́ kí n tó bọ́.

Ní Ìdèrè, báàfù yẹ̀, a sì dúró kí n tún un gbé. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ọ. Àpá méjì róbótó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ náà, ó dán bí ojú owó ẹyọ.

“Sòbìyà ni,” ni ó wí, bí ó ti rí i pé mo ń wò ó. “Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Omi adágún ni a ń mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìdajì ilé á wà ní ìdùbúlẹ̀. Ọdún tí ó mú mi kẹ́yìn, bàbá àwọn ọmọ mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, ó tì í láti oko dé ilé, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ yìí kò ti gbọ́ràn mọ́. Kí ọ̀kadà tó dé, n kò mọ ọjà mọ́, n kò mọ òkú mọ́, n kò mọ ìkómọ mọ́. Bí mo bá rí ọ̀kadà lójú ọ̀nà, Ọlọ́run ni mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo mọ ọ̀rọ̀ sòbìyà Ìdèrè. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìbàràpá méjèèje? Àwọn dókítà yunifásítì ti Ìbàdàn wá títí, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé àrùn lè lọ kí ẹsẹ̀ tí ó jẹ sì kù. Orúkọ tí mo ti kà sí èébú láti Igbó-Ọrà, inú ọpẹ́ ni ó ti ń jáde lẹ́nu obìnrin yìí.

Bí a ti wọ Ayétẹ̀ n kò ní sọ. Ní ẹnu ọ̀nà ilé Màmá, ọmọkùnrin kan sáré jáde, ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ẹ káàbọ̀ sà! Tíṣà ti ra máṣìnì!” Màmá wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo mí.

“Háà! Tíṣà ni yín? Ẹ má bínú o, Tíṣà. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, “ìwọ” ni mí. Nísinsìnyí mo ti di “ẹ̀yin”. Máṣìnì náà kò yí padà, akoto kò yí padà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ka 700 náírà lé orí táńkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí báàfù ti họ, ó ní, “Owó yìí kì í ṣe ti Tíṣà. Ti ọ̀kadà tí ó gbé mi ni.”

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọmọ náà fi kan ilẹ̀kùn wa. “Màmá ní kí n sọ fún ọ̀kadà pé àwọn ti múra.” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo ti ra akoto kejì. Ó tóbi díẹ̀ ju orí Màmá lọ. Gèlè ni ó ń fi dí i.