Ẹsẹ̀ Àdàbà

Ìtìjú bá mi ní ọjà ìkórè ìjọ wa. Àdàbà kéékèèké ni mo ń fi ayùn tín-ín-rín gé láti ara pákó ọmọ̀ fún títà. Èmi a lu ihò, èmi a ti irin ayùn bọ̀ ọ́, èmi a sì kọ́kọ́ gé àlàfo inú ìyẹ́. Nítorí bí a bá ti gé etí rẹ̀ yíká tán, kò sí ibi tí a ó di pákó mú mọ́. Ewé ìpín ni mo fi ń dán an. (Lójú tèmi, ó sàn ju bébà lọ.)

Ìyá àgbà kan ra ọ̀kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọn kò ì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ẹyẹ náà fi kán. Ọmọ ń sunkún. Ìyá ní kí n má ṣe ìyọnu, ọwọ́ ọmọ náà ni ó le. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ. Èmi ni mo gé ẹsẹ̀ náà ní ìdábùú ìlà igi, kí n lè rí ẹyẹ mẹ́fà nínú pákó tí ì bá fún mi ní márùn-ún.

Mo dá owó wọn padà, mo sì kó mọ́kànlá tí ó kù sínú àpò. Aya mi wò mí, kò sọ̀rọ̀. Owó ilé-ìwé àkọ́bí wa ni a ń wá. Ní alẹ́, mo tún àwòrán yà sórí pákó mìíràn: ẹyẹ márùn-ún.