Ta Ni Yóò Kọ Iṣẹ́ Àwọn Ìyá Wa Sílẹ̀?

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé obìnrin onígbàgbọ́ láti Ìkọ̀tún lọ sí ilé ìkàwé tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn obìnrin àti ẹ̀tọ́ wọn, ó lè rò pé ẹ̀kọ́ àìgbọ́ràn sí ọkọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Arábìnrin kan tilẹ̀ bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ sí i. Ó mọ̀ sí i. Òun ló fún mi lówó ọkọ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn ni ibẹ̀ wà. WORDOC ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ àti àwọn obìnrin onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, kí ohun tí àwọn obìnrin ṣe má baà parun.

Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Àwa tí a ka ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1970, mọ̀ ọ́n sí ìkà. Èmi kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ kọ ìyókù rẹ̀: oníṣòwò ńlá ni, Ìyálóde Ìbàdàn ni, ó ń fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn kí òun àti Ààrẹ Látòósà tó dìjà, tí wọ́n sì pa á ní 1874. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tiwa nínú ìgbàgbọ́. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Sophia Ọdúnlámì, dìde láti wàásù ìwòsàn nípa àdúrà. Òun àti Joseph Shadare wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí ìjọ CAC ti ta gbòǹgbò. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀?

Níbí náà ńkọ́? Níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló wà nínú ìwé ètò. Kò sí ìlà kan nípa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ìjọ ti kọ́kọ́ ń pàdé, níbi tó ti ń kó ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a lè rí ibi kúnlẹ̀. Àwa tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa sì ń dín kù.

Bíbélì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní, kò dárúkọ ọba Íjíbítì náà gan-an, ṣùgbọ́n ó dárúkọ àwọn agbẹ̀bí méjèèjì, Ṣífúrà àti Púà. Nínú Mátíù 26:13, Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé níbikíbi tí a bá ti wàásù ìhìn rere, a ó máa ròyìn ohun tí obìnrin olóróró ìkunra yẹn ṣe.

Ẹ̀yin ará, kò dìgbà tí a bá kọ́lé ńlá. Pẹpẹ ìwé kan nínú ọ́fíìsì ìjọ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n gbé fóònù lọ bá àwọn ìyá wa ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó. Kí wọ́n bi wọ́n: Níbo lẹ ti kọ́kọ́ pàdé? Ta ló gbé bẹ́ńṣì wá? Kí wọ́n sì kọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n, kì í ṣe "Màmá Délé" nìkan.

Kí Olúwa jẹ́ kí a ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Àmín.