Àdìrẹ Tí Mo Yà fún Ọ̀rẹ́ Mi Ará Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ka owó ọwọ́ mi. Ó tó ra kéèkì kékeré kan, ó sì lè tó ra aago ọwọ́ ní Sábọ̀, ní Ìkòròdú tí mò ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín wa kì í ṣe ohun tí kéèkì lè yanjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti fi ọwọ́ ara mi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún un, èmi tí n kò ya nǹkan kan rí ju igi síńtáàsì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe é.

Láti ọdún kejì wa ni a ti jọ ń gbé yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Tí ìyá àgbà rẹ̀ bá pè é lálẹ́, Ìjẹ̀bú ti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n jọ máa ń sọ, èmi á sì dákẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, màá máa gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu wọn. Ní ọdún kẹta, wọ́n ní kí oníkálukú mú dátà wá fún iṣẹ́ kíláàsì lórí ẹ̀ka-èdè. Gbogbo wa la mọ̀ pé nínú iṣẹ́ tí Adétúgbọ̀ ṣe ní 1967, ó fi Ìjẹ̀bú sí ẹgbẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn, òun pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. A tún mọ̀ pé ọ̀kan lára ohun tí a fi ń dá ẹgbẹ́ náà mọ̀ ni ìró tí a máa ń kọ ní gh, tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Mo ti gbọ́ ìró yẹn lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀, mo tan fóònù mi, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. N kò sọ fún un.

Mo tẹ̀ ẹ́ síta ní kíláàsì. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ kan báyìí, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìlà kẹta ni ọ̀rẹ́ mi jókòó sí.

Kò bá mi jà. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Kò sí wàhálà." Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí ìyá àgbà bá pè, á dìde, á jáde lọ sí kọ́rídọ̀. Nínú yàrá, Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí rédíò ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí a ṣe wà nìyẹn títí a fi wọ ọdún ìkẹyìn.

Aláró kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkòròdú. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi. Wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ ṣe é fún, kí ló sì dé tí n kò ra èyí tó wà nílẹ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún wọn, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ ra láfún."

Orúkọ iṣẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀kọ́ wa wò. À-dì-rẹ: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ kì í di nǹkan kan. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń yàwòrán sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á yọ ní funfun. Kò sí "dì" nínú iṣẹ́ náà mọ́, síbẹ̀ ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn àwòrán náà sì ní orúkọ tiwọn. Ìbàdàndùn tí a mọ̀ dáadáa, odindi gbólóhùn ni kó tó di orúkọ aṣọ, òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 sì wà lára ohun tí wọ́n ń yà sí i. Mo ní bí aṣọ bá lè sọ pé Ìbàdàn dùn, kí tèmi náà sọ̀rọ̀ nípa Ẹ̀pẹ́.

Mo ra aṣọ òwú funfun ọ̀pá méjì, mo fọ̀ ọ́, mo ká a sí ojú ogún: mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Mo pinnu pé màá ya ẹja, àwọ̀n, ìgbì ọ̀sà, àti ọkọ̀ ojú omi. Ti ọkọ̀ yẹn, ìtàn tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi ló fà á, bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ń fi ọdún Kàyọ̀kayọ̀ rántí rẹ̀ títí dòní.

Aṣọ àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ro ẹ̀kọ náà ki jù. Nígbà tó gbẹ, mo ká aṣọ náà, ẹ̀kọ sán, aró sì gba ojú sísán náà wọlé. Ẹja mi wá dà bí egungun ẹja. Ìyá Aláró gbé e sókè, wọ́n ní, "Tí o bá fẹ́ ta èyí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ ni kí o gbé e lọ."

Mo ra aṣọ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dúró tì mí. A fi áláọ̀mù díẹ̀ sí láfún, a rò ó kó fúyẹ́ díẹ̀, a sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni bírọ́ọ̀ṣì mi. Wọ́n fi hàn mí bí a ṣe ń fi ṣóńṣó rẹ̀ fa ìlà, tí a sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun ibi tó fẹ̀. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi ya ojú mọ́kàndínlógún. Ẹja ni mo fi àkókò ṣe jù. Ìpẹ́ ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń yà á.

Ojú ogún ni mo fi pamọ́ fún ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tí kíláàsì fi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú gh rẹ̀ àti àmì ohùn rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ mi lè rí i pé mo ti mọ iyì rẹ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ tán nígbà tí Ìyá Aláró bi mí pé, "Ṣé ó ní kí o kọ ọ́?"

Mo ní rárá, pé ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní, "O ti mú un lẹ́ẹ̀kan láìbéèrè. O tún fẹ́ mú un lẹ́ẹ̀kejì, o wá fẹ́ rẹ ẹ́ láró."

N kò rí èsì fọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ pẹ́ńsù náà kúrò, mo fi ẹ̀kọ kun gbogbo ojú náà láìya nǹkan kan sí i. Funfun ni yóò jẹ́. Bó bá wù ú, kó kọ nǹkan sí i. Bí kò bá wù ú, kó fi sílẹ̀.

Ìyá Aláró sọ fún mi bí ìyá tiwọn ṣe máa ń gún ewé èlú, tí wọ́n á sọ ọ́ di ìṣù, tí wọ́n á sá a, tí wọ́n á sì fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò. Aró oníyẹ̀ẹ́fun ni àwọn ń lò báyìí, òun àti kọ́sítíìkì, nítorí náà wọ́n ní kí n wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí aṣọ náà kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní, àyà mi sì já. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Lójú mi báyìí ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di aró. Mo ní ó ti tó. Wọ́n ní, "Kò tíì dúdú." Mo rántí Berlin àti Kay, ìwé wọn ti 1969, àti ohun tí a máa ń sọ ní kíláàsì pé funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ nínú Yorùbá. Ohun tí èmi ń pè ní búlúù, dúdú tí kò tíì pọ́n dójú ni lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a rì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí, ọ̀rẹ́ mi sì ti lọ sílé. Mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, mo gba Ìtòkín dé Ẹ̀pẹ́, mo gbé aṣọ náà lé itan bí ẹyin. Òun àti ìyá àgbà ni mo bá nílé. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, mo sì nawọ́ ẹ̀bùn náà sí ọ̀rẹ́ mi.

Ó tẹ́ ẹ sórí àga, kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ló tẹ̀ ba, wọ́n fi ìka tọ́ ẹja. Wọ́n ní irú ẹja wo nìyí? Mo ní ọ̀bọ̀kún ni mà. Wọ́n sọ nǹkan kan ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rẹ́ mi sì bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ọ̀bọ̀kún kì í ní ìpẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tí mo fi ya ìpẹ́!

Ó wá fọwọ́ kan ojú funfun yẹn. Ó ní, "Ẹ̀kọ tán ni?"

Mo ní, "Rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀. Kì í ṣe tèmi láti kọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ìyá àgbà, ó sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ní èdè Ẹ̀pẹ́, níwájú mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Mo gbọ́ gh yẹn kedere. Fóònù mi wà nínú báàgì, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Ìwọ lo gba ohùn mi?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ènìyàn méjì ni mo ṣẹ̀. Ohùn wọn náà wà níbẹ̀, n kò sì rò wọ́n mọ́ ọn rí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n ní, "O ò bá ti béèrè. Ǹ bá sọ̀rọ̀ dáadáa sí i."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń kó dátà fún iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́ báyìí. Ẹ béèrè kí ẹ tó tan fóònù. Ọ̀rẹ́ mi ti ka àròkọ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n máa gbé e jáde, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kí n má kọ. Àdìrẹ náà wà lára ògiri yàrá wa báyìí, ojú ogún ṣì funfun. Ní alẹ́ àná, ìyá àgbà pè. Kò jáde sí kọ́rídọ̀.