Ọjọ́ Ìgbafẹ́ Kan Kí Àkọ́bí Tó Lọ sí Èjìgbò

Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Anoumabo, ládùúgbò Marcory nílùú Abidjan, fa ìwé tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sí yọ. Kì í ṣe gbèsè ló fẹ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ìwé tó mọ́ ló ń wá, torí ó fẹ́ ṣètò bí òun yóò ṣe kó àwọn ọmọ jáde lọ gbafẹ́.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Bí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, ọmọ náà yóò bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọkọ̀, wọn yóò la Ghana, Tógò àti Benin kọjá, ó di Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé girama. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé agboolé tí kò ní èèyàn ní Abidjan ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn àgbà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé kó má bàa gbàgbé ibi tó ti wá. Ìyá yìí fara mọ́ ọn. Àmọ́ lẹ́yìn tí ó ti fara mọ́ ọn tán ni oorun kò kùn ún mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ ló kó wọn jáde. Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sunday ni wọ́n dé ibi ìṣeré kan, láìjẹun, láìmú omi dání. Ìlà gùn, oòrùn ń mú, àbíkẹ́yìn ń ké. Kí wọ́n tó gun ohun ìṣeré kan ṣoṣo, owó ti tán lórí ohun mímu. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé.

Kò yẹ ká dá bàbá náà lẹ́bi jù. Àwọn tó ní owó ju tirẹ̀ lọ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 17 oṣù July, 1955, tí Disneyland ṣí ní California, tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú mú kí èrò pọ̀ ju iye èèyàn tí wọ́n pè lọ fíìfíì, ooru mú, ibi tí èèyàn ti lè rí omi mu kò sì tó. Nígbà tó di 1999 ni Disney mú FastPass jáde, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tó ń sọ wákàtí tí èèyàn yóò padà wá, kó má bàa fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ dúró lórí ìlà.

Ìyá yìí kò gbọ́ nípa FastPass rí, ṣùgbọ́n ọmọ ọjà ni. Láfikún, ará Anoumabo ni. Láti 2008 tí ẹgbẹ́ olórin Magic System, àwọn ọmọ àdúgbò náà, ti dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ohun tí èrò ń jẹ́. Ẹni tó bá tètè dé ló ń yan ibi tó wù ú láti dúró sí.

Nítorí náà, ó mú Thursday dípò Sunday, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pàdánù ọjà ọjọ́ kan. Òjò ńlá oṣù kẹfà ti lọ, oòrùn oṣù kẹjọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ le ní Abidjan. Ó di 20,000 sefa sí ìdì mẹ́ta: ti ọkọ̀, ti ìwọlé, àti ti pàjáwìrì. Ó dín dòdò tí wọ́n ń pè ní alloco níbẹ̀, ó se ìrẹsì àti ẹyin, ó sì fi omi sínú fíríìsà mọ́jú kó lè di yìnyín. Ó fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí apá àbíkẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan nǹkan kan ṣoṣo. Àbíkẹ́yìn ní erin lòun fẹ́ rí, torí láti ìgbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù àwọn Erin ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní February 2024 kò tíì sinmi lẹ́nu erin. Èyí obìnrin ní ice cream. Àkọ́bí wo ilẹ̀.

“Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, Màmá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá náà ju kó ní Paris lòun fẹ́ lọ.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n wọ wóró-wóró lọ sí Treichville, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Plateau, wọ́n sì wọ takisí dé ọgbà ẹranko tó wà ní Cocody. (Nígbà rògbòdìyàn 2011, ebi pa àwọn ẹranko ibẹ̀ débi pé àwọn kan kú.) Ibi tó jìnnà jù ni ìyá yìí kọ́kọ́ kó wọn lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì le, tí èrò kò sì tíì dé. Wọ́n rí erin, wọ́n jẹun lábẹ́ igi, èyí obìnrin rí ice cream tirẹ̀. Ètò náà lọ geere. Nínú ìwé ìyá, ó ku wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ìgbà yẹn ni àkọ́bí sún mọ́ ọn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè tètè padà sídìí ọkọ̀ ojú omi?”

“Ó ti rẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ sí i ni.”

Ìyá wo ìwé rẹ̀, ó pa á dé. Nígbà tí wọ́n ń kọjá padà sí Treichville, ọmọ náà dúró létí ọkọ̀, ó ń wo afárá méjèèjì tó so Plateau mọ́ Treichville.

“Ṣé ọ̀sà wà ní Èjìgbò?”

“Kò sí ọ̀sà níbẹ̀, ọkọ mi.”

Ọmọ náà kò fèsì. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyá tú ìdì owó kẹta, ó to orí ìlà, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlọ àti àbọ̀.