Àwọn Tó Dárà Sórin Lójú Wa

Nígbà tí a wà léwe ní Òṣogbo, ìlù kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dùrù ló ń wọ ibẹ̀, òun àti ìwé orin tí wọ́n fi ohùn òyìnbó sí. A ń gbọ́ ìlù láàfin, a ń gbọ́ ọ lójúbọ òrìṣà, kò sì sí ìnáwó tí a ó ṣe tí àyàn kò ní yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, àyàn a jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni mí nígbà náà. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní kó wálẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́ lẹ́nu wa, igba a di igbá, a ó sì máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Àwọn àgbà olórin mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ní Èkó, Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ olùdarí orin ní Kàtídírà tó wà ní Marina láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1953, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so mọ́ra ní èdè wa tí ẹnikẹ́ni kò fi lè yà wọ́n. Mo kọ́kọ́ dárúkọ bàbá yìí nítorí pé ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tí mo fẹ́ rántí lónìí ń dáhùn, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀: irú ohùn wo ló yẹ kí orin wa ní, nígbà tí ohun èlò ilẹ̀ òkèèrè ti dé tí kò sì ní padà síbi tó ti wá mọ́? Wọ́n pe àwọn kan nínú wọn ní wèrè. Wọ́n pe àwọn mìíràn ní abàṣàjẹ́. Ojú mi ló ṣe, ni mo fi ń sọ ọ́.

Ọmọ Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀. Olùkọ́ ni, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kọ orin ọdún Àjíǹde, ó sì kó ìlù ilẹ̀ wa sínú rẹ̀. Ariwo ta. Mo gbọ́ ìjà ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wa gan-an, níbi tí àwọn bàbá ń sọ pé ọmọ kan ti fẹ́ sọ ilé Ọlọ́run di ojúbọ. Ìyá ìyá mi, tó ń ta àdìrẹ, gbọ́ títí, ó wá ní, “Ta ló wá dá igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìlù?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ládípọ̀ kò bá ìjọ jà títí. Ó gbé orin rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ti dá ẹgbẹ́ Mbárí sílẹ̀ ní 1961. Nígbà tó di oṣù kẹta 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yunifásítì Ìbàdàn, ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé ọtí tí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwa ọmọdé a máa yọjú lójú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ sọ́jà lè yà, kó wòran. Ibẹ̀ ni Ọba Mòrò ti jáde ní 1962, tí Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, tí Ọba Wàjà sì dé ní 1964.

Ẹni tí kò gbé ayé ìgbà náà lè má mọ ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀, nítorí pé Ṣàngó kì í ṣe àjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni bàtá. Ṣùgbọ́n eré tí a ń wò ṣáájú ìgbà náà, orin tó jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ijó ló ń gbé e rìn. Ládípọ̀ gbé oríkì àti ìjálá wọ orí ìtàgé, ó sì pe àwọn àyàn tó mọ iṣẹ́ wọn, kì í ṣe àwọn tí a kọ́ ní ìlù lánàá. Mo fara balẹ̀ wo bàtá dáadáa láti ibi tí mo dúró. Dùndún lè fa ohùn: àyàn a fún ọṣán mọ́ra, ohùn a yọ̀ gòkè bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Bàtá kò ní ọṣán tí a ó fún bẹ́ẹ̀. Ojú méjì ló ní, àyàn a fi ọwọ́ lu ojú òjò, a fi bílálà na ṣáṣá, ọ̀rọ̀ a sì máa jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó le, ó gán-án-rán. Bí Ládípọ̀ tó ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So bá gbé ẹsẹ̀ kan, bàtá ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ló ṣe Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kan ṣoṣo sì jókòó gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n lé jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ayé ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀tọ̀ ni àrà ti Akin Euba. Ọmọ Èkó ni, 1935 ni wọ́n bí i, ó kàwé orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ píánò ló gbà á lọ́kàn. Ní 1963 ó ṣe Igi Ńlá So, níbi tí píánò àti ìlù Yorùbá ti jọ ń ṣeré. Lọ́dún kejì ó tún fi píánò nìkan ya àwòrán alẹ́ Sátidé ní Caban Bamboo, ilé ijó Bobby Benson ní Èkó. Ní 1970 mo ti wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí Euba ti ń kọ́ni. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe Chaka níbẹ̀, orin-eré tó fi ewì Léopold Senghor, Ààrẹ ilẹ̀ Senegal nígbà náà, ṣe.

Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ orin píánò rẹ̀. Ọwọ́ òsì a mú nǹkan kékeré kan, a máa tún un sọ láìdúró, bí gúdúgúdú ti í ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún a wá máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, a dákẹ́, a tún já lù ú níbi tí etí kò retí. Kò sí bí píánò ṣe lè fa ohùn bíi dùndún, nítorí pé ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀. Nítorí náà Euba fi líle àti rírọ̀ ọwọ́ wá ohun tí ọṣán ń ṣe. Nígbà mìíràn ó tún lo ọgbọ́n tí Arnold Schoenberg ará Austria gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920: a ó to ohùn méjèèjìlá tó wà lórí píánò ní ẹsẹẹsẹ, kí ọ̀kan má baà jọba lórí ìyókù. Ẹni tó ń retí orin adùn-ún-kọ kò ní rí i níbẹ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú mi bu ọlá fún Euba ni pé ó jókòó ti àwọn àyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀wé lórí ìlù. Ìwé ńlá tó kọ nípa dùndún jáde ní 1990, ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ onílù ló ti kọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú ọgbà yunifásítì nìkan ni àrà wà. Àwọn olórin tí a ń pè síbi ìnáwó pàápàá ń dá a. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sí gìtá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ohùn olórin kò rì sábẹ́ ìlù mọ́, àyè sì gba gángan láti wọ inú jùjú. I. K. Dáíró, tí wọ́n bí ní Ọ̀ffà ní 1930, wá gbé accordion kọ́rùn, dùrù tí à ń fà tí à ń kì mọ́ra. Orin àwọn Aládùúrà, orin Ìjẹ̀ṣà, gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀. Àwọn kan bínú pé ohun èlò òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ní 1963 Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE, gbogbo ilé ló sì ń lo àwo rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta gìtá onírin tí a ń tẹ́ kalẹ̀, irú èyí tí àwọn olórin ìgbèríko ní Amẹ́ríkà ń lò. Irin tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá yẹn ń fa ohùn gẹ́gẹ́ bí dùndún ti ń fà á, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe àjèjì létí wa.

Mo dé Èkó láti máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí Fẹlá ti ń da ìlú rú. Nígbà tó ń darí Koola Lobitos láàárín àwọn ọdún 1960, ó ń da highlife àti jazz pọ̀, àwọn èèyàn kò sì mọ bí wọn yóò ṣe jó o. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra Izsadore sì fi ìwé ìtàn ayé Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, hàn án. Nígbà tó padà, ìlú rí ẹlòmíràn. Mo lọ síbi tó ti ń ṣeré ní Empire Hotel, ní agbègbè Ìdí-Òro. Orin kan lè gba ìdajì wákàtí. Gìtá kan a máa sọ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fèrè a dé, a lọ, olórin fúnra rẹ̀ kò tíì la ẹnu. Orin tó bá sì ti gbé jáde lórí àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ mọ́. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ ló ń kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tony Allen, onílù rẹ̀, jókòó sí. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, kálukú ló ní ohun tó ń sọ, bí ẹni pé ìdílé àyàn kan ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo. Mo dúró sítòsí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kò làágùn bí àwa tí à ń jó.

Àwọn ará òkèèrè náà ń gbọ́ wa. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Bàdágìrì ni Babátúndé Ọlátúnjí, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Àwo ìlù rẹ̀ tó jáde ní 1960 tàn kálẹ̀ níbẹ̀, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà sílẹ̀ ní Harlem. Nínú ilé yẹn ni John Coltrane, afọnfèrè jazz, ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn eré rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Ìró fèrè rẹ̀ nígbà náà ti kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara dà, síbẹ̀ ilé ọmọ Àjídò ló ti rí ààyè.

Lẹ́yìn náà ni FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, dé sí Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì 1977. Sun Ra, olórin ará Alabama tó máa ń sọ pé láti ojú ọ̀run, láti Saturn, ni òun ti wá, wà lára àwọn tí Amẹ́ríkà kó wá. Ẹ̀wù rẹ̀ ń kọ mànà, fèrè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké lójú kan náà. Bàbá kan tó jókòó tì mí ní, “Eégún ni.” Mo wò ó, mo rí i pé kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀wọ̀ ló ń fún un. Fẹlá kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí ayẹyẹ náà, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí FESTAC parí ni àwọn ọmọ ogun dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá. Ọdún yẹn kan náà ni Lester Bowie, afọnfèrè láti inú ẹgbẹ́ Art Ensemble of Chicago, wá sí Èkó, tó bá Fẹlá gbé, tó sì fọn fèrè sínú àwo rẹ̀, No Agreement. Orin kò dúró.

Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978. Dáíró tẹ̀ lé e ní 1996, Fẹlá ní 1997. Nínú oṣù kan ṣoṣo, oṣù kẹrin 2020, Akin Euba àti Tony Allen jọ lọ. Ìdájọ́ mi lórí gbogbo wọn kò ṣòro: kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó dárà láìkọ́kọ́ mọ ohun tó bá nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ bàtá kò lè gbé bàtá lọ síbi tí kò dé rí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin lónìí, mo gbóríyìn fún yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wèrè lé yín sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyàn kan tó ṣì wà láyé ní ìlú yín, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà wọ̀nyí wà ní àjà ilé yín, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ gbé e lọ sí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín kí òjò tó bà á jẹ́.